Wísíkì Tó Dára Ní Iye Tí Apá Wa Ká

Láti ìgbà tí òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń yà sí ọ́fíìsì wa láti bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Akọ̀wé, ṣé ẹgbẹ́ yóò tún bá wa ra wísíkì lọ́dún yìí?" Àwọn kan ń fi ẹ̀rín bèèrè rẹ̀. Àwọn mìíràn kò rẹ́rìn-ín rárá, a kò sì bá wọn wí, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí, kí a má fi ohunkóhun pamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ bá òun ra ọtí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ra ìrẹsì àti epo pọ̀ kí ó lè dín lówó. Àwa mẹ́ta ni a lọ: alága, akápò, àti àwa tí a ń kọ ìwé yìí. A rí oníṣòwò kan tí ó ní páálí mẹ́fà wísíkì Skọ́tlándì nílẹ̀, iye tí ó sì pè é fi ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti gbogbo ọjà. Inú wa dùn. A tilẹ̀ ń yin ara wa nínú mọ́tò bí a ti ń bọ̀ nílé. A kò gba rìsíìtì gidi, bébà pélébé kan tí kò ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí ni ó kọ fún wa.

Ní ọjọ́ òkú, wọ́n gbé ìgò síwájú àwọn àna. Bàbá àgbàlagbà kan láàárín wọn, tí ó ti ń mu wísíkì kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú wa, bù díẹ̀ sẹ́nu, ó gbé ife kalẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú o, kí ni ẹ rọ sínú ìgò yìí?" Wọ́n ṣí òmíràn, bákan náà ni. Ojú ti olókùú, ojú ti ẹgbẹ́. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò náà, kọ́kọ́rọ́ ni a bá lẹ́nu ọ̀nà, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ṣàìsàn. Ìgbìmọ̀ dá owó padà fún ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwa mẹ́ta tí a lọ rà á ni a sì pín owó náà san láti inú àjẹmọ́nú wa. Títí di bí a ti ń kọ èyí, ó ku ti oṣù méjì.

Ní mítìnnì ọdún, àwọn kan dìde pé kí ẹgbẹ́ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọtí pátápátá. Àwọn kan ní ṣebí ìrẹsì tí a rà nígbà kan ní òkúta nínú, a kò torí rẹ̀ fi ìrẹsì sílẹ̀. Ariwo pọ̀. Ibi tí a fi àbọ̀ sí ni pé kí akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé oṣooṣù yìí kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kà á, kí a tó wá dìbò sí i. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí ọ̀rọ̀ gígùn báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu ọtí nínú wa, kì í ṣe pé a fẹ́ kó yín lọ sí ilé ọtí o. Ẹ̀yin náà ń ṣe àlejò, owó yín náà sì wà nínú àpò ẹgbẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí nínú ìwádìí wa ni pé a kò mọ ohun tí à ń rà. A mọ orúkọ, a mọ àwòrán ara ìgò, ṣùgbọ́n a kò mọ ọtí. Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ wísíkì kò jìnnà sí ogógóró. Ẹni tí ó bá ti dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á jẹ́ kí ògùrọ̀ kan, wọ́n á gbé e ka iná nínú àgbá, oru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ohun tí ó bá ń kán jáde ní òdìkejì ni ogógóró. Ọkà ni àwọn ará Skọ́tlándì ń lò dípò ògùrọ̀. Wọ́n á rẹ ọkà báálì sómi títí yóò fi hù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pọn ọ́n, kí wọ́n tó gbé e ka iná.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà yà. Ogógóró lè dé ọjà lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Wísíkì kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2009 sọ pé ọtí tí wọ́n bá máa pè ní Scotch Whisky gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Skọ́tlándì, tí ó sì jókòó níbẹ̀ nínú àgbá igi óákù fún ọdún 3 ó kéré tán. Àgbá náà kò gbọdọ̀ gbà ju 700 lítà lọ. Agbára ọtí náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 40 nínú 100, wọn kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un àfi omi àti àwọ̀ tí wọ́n fi ṣúgà sísun ṣe. Ọ̀rọ̀ ọdún 3 yìí ti pẹ́, láti òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1915 ni, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ọdún 2 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di 3.

Inú àgbá yẹn ni ọtí funfun ti ń di pupa, tí ohun tí ó ń ta ni lọ́fun sì ti ń rọ̀. Ibẹ̀ náà ni owó ń wọ̀, nítorí bí ọtí ṣe jókòó ni díẹ̀díẹ̀ ń fẹ́ lọ nínú rẹ̀, bí ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún. Àwọn tí ń ṣe é máa ń fi ṣàwàdà pé ìpín àwọn áńgẹ́lì ni. Bí ọtí bá fi pé ọdún 12, áńgẹ́lì ti mu ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, àwa tí à ń ra èyí tó kù ni a ó sì san owó èyí tí wọ́n mu.

Ọdún tí ẹ bá rí lára ìgò, owó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ bí wọ́n ti ń kà á. Ọjọ́ orí ọtí tí ó kéré jù nínú ìgò ni òfin ní kí wọ́n kọ. Bí wọ́n bá po ti ọdún 20 mọ́ ti ọdún 12, 12 ni wọn ó kọ. Bí kò bá sí ọdún kankan lára ìgò, tí ó sì jẹ́ Scotch Whisky tòótọ́, ó ti pé 3. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí kò ní ọ̀rọ̀ "years" lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí nọ́ńbà lásán lè jẹ́ orúkọ tí ó wu ẹni tí ń tà á. Ọtí yìí kì í sì í dàgbà nínú ìgò. Èyí tí bàbá yín fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti 1985, bí ó bá jẹ́ ọlọ́dún 12 nígbà náà, ọlọ́dún 12 náà ni lónìí. Ẹ kàn jẹ́ kí ó wà ní ìdúró, ẹ má dà á dùbúlẹ̀, nítorí ọtí líle máa ń ba ìdérí onígi jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú, ìyẹn ni àdàlù. Kì í ṣe ti ẹ̀wà àti àgbàdo o. A ti gbọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ń sọ nínú mítìnnì pé gbogbo ìgò tí wọ́n bá ti kọ "Blended" sí, wọ́n ti bu omi là á, bí ẹmu àbùlà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Single Malt" ni ọtí tí ó wá láti ilé ìpọntí kan ṣoṣo, ọkà báálì tí a mú hù nìkan ni wọ́n sì fi ṣe é, nínú ìkòkò bàbà, ìdá kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. "Blended Scotch Whisky" ni èyí tí wọ́n fi irú ọtí bẹ́ẹ̀ pò mọ́ òmíràn tí wọ́n fi àlìkámà tàbí àgbàdo ṣe nínú ẹ̀rọ gíga tí ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ agbowó-orí ọtí rí ní Írẹ́lándì, Aeneas Coffey, ni ó gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ náà ní 1830, òun ni ó sì jẹ́ kí wísíkì di ohun tí owó mẹ̀kúnnù lè ká. Inú àwọn tí ń lo ìkòkò kò dùn sí i. Ìjà náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí rẹ̀, ní 1909 ni wọ́n sì tó dájọ́ pé méjèèjì ni wísíkì. Johnnie Walker, Ballantine's, Grant's, Teacher's, Famous Grouse, àti Chivas Regal tí àwọn ọlọ́lá máa ń gbé lọ́wọ́ yẹn, àdàlù ni orúkọ wọn ti jáde. Glenfiddich àti Glenlivet ni ti malt ilé kan ṣoṣo.

Kí ó má bàa jẹ́ pé ẹnu lásán ni à ń sọ, ìgbìmọ̀ ṣe ìdánwò kan ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ Sátidé kan. A ra ìgò mẹ́rin ní ibi tí a fọkàn tán. Ọ̀kan jẹ́ malt ọlọ́dún 12, ọ̀kan jẹ́ àdàlù ọlọ́dún 12, méjì yòókù jẹ́ àdàlù tí kò ní ọdún lára. Ìyàwó akápò ni ó bá wa fi ìwé ìròyìn wé wọn, ó kọ A, B, D, E sí wọn lára, òun nìkan ni ó sì mọ èyí tí í ṣe èwo. Àwa mẹ́sàn-án jókòó, ọtí díẹ̀ nínú ife, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí ó tó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí bí ọ́fíìsì ṣe dákẹ́, ẹ ó rò pé ìdánwò ìwé mẹ́wàá ni à ń ṣe.

Alága wa, tí ó máa ń sọ pé ohun tí kò bá tó ọdún 12 kì í wọ òun lẹ́nu, gbé D sókè. Ó ní, "Èyí gan-an ni tèmi, ẹ kò lè tàn mí." Nígbà tí wọ́n tú bébà, D ni owó rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ó kọ́kọ́ ní kí a má kọ ọ́ sínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ó ti gbà báyìí, ó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi òun kọ́gbọ́n.

Ẹni mẹ́rin nínú wa ni ó fi malt sí ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti méjì nínú àwọn yòókù. Wọ́n ní ó ń rùn bí ẹja yíyan. A wádìí ìyẹn náà. Ní àwọn ibì kan ní Skọ́tlándì, pàápàá ní erékùṣù Islay níbi tí Laphroaig àti Lagavulin ti wá, erùpẹ̀ irà tí wọ́n gé tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n ń dá níná láti fi yan ọkà, èéfín rẹ̀ ni ó ń bá ọtí lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyàwó lọ. Ẹ má rà á fún àlejò 200 tí ẹ kò mọ ẹnu wọn.

Lẹ́yìn náà ni a da Coke àti yìnyín lé gbogbo rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, títí kan akápò tí ó ń pariwo pé òun mọ̀ ọ́n. Ó dá wa lójú láti ọjọ́ náà pé ọtí tí a ó gbé káàkiri abẹ́ kánópì, tí àwọn ènìyàn yóò da ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé, àdàlù tí kò ní ọdún lára ni kí ó jẹ́, tí ó bá ṣáà ti jẹ́ ojúlówó. Ọlọ́dún 12 kí ó wà fún tábìlì àwọn àna àti àwọn àgbà tí ń mu ún bí ó ti wà, tàbí pẹ̀lú omi díẹ̀. Omi kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ o. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti po wísíkì máa ń fi omi là á kí wọ́n tó gbóòórùn rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iye. Ìgò kò dọ́gba. Ti 70 sẹ́ńtílítà wà, ti 75 wà, ti lítà kan wà, wọ́n sì lè jọra lójú. Ẹ fi iye sẹ́ńtílítà pín iye owó. Ká ní wọ́n pe ìgò 70 ní ₦21,000, tí wọ́n sì pe ti lítà kan ní ₦27,000. Àpẹẹrẹ lásán nìyí, kì í ṣe iye ọjà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦300 fún sẹ́ńtílítà kan, èkejì jẹ́ ₦270. Èyí tí ó dà bíi pé ó wọ́n ni ó dín owó. Ẹ tún wo agbára rẹ̀. Ìgò tí wọ́n kọ ìdá 30 tàbí 35 sí kì í ṣe Scotch Whisky láéláé, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ àwòrán tí wọ́n yà sára rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ ní kékeré sí ìsàlẹ̀ pé "spirit drink" ni, tàbí pé adùn wísíkì ni wọ́n fi sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó rà á, ṣùgbọ́n kí ó má san owó wísíkì lé e lórí.

Ní ti iye tí ìnáwó ń gbà, ìgò 70 sẹ́ńtílítà yóò kún ife kékeré ilé ọtí tí ó gba 2.5 sẹ́ńtílítà nígbà 28. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ìgò kan tó wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó ni yóò mu ún. Ọ̀pọ̀ ìnáwó tí a ti bá ra ọtí, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ń ṣẹ́kù, tí àwọn ọmọ olóde yóò sì kó lọ ní òru.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London náà máa ń fi ìgò ránṣẹ́, a sì ń gbọ́ pé ọtí ò wọ́n níbẹ̀. Owó ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú iye ìgò olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023, wọ́n sọ owó orí ọtí líle di £31.64 lórí lítà ògidì ọtí kọ̀ọ̀kan. Ìgò 70 sẹ́ńtílítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 ní 28 sẹ́ńtílítà ògidì ọtí nínú, èyí já sí £8.86 fún ìjọba, kí a tó fi VAT ìdá 20 lé e. Owó náà sì ti gòkè sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tí ó bá ń ta ojúlówó níbẹ̀ ní £7, ẹ bi í ibi tí ó ti rí i. Àwọn ilé ìtajà ńlá bí Aldi àti Lidl máa ń fi orúkọ tiwọn sára wísíkì, kò sì wọ́n. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ bí ọmọ bá gbé e wá, nítorí òfin kan náà ni ó de gbogbo ohun tí ń jẹ́ Scotch Whisky.

Tí a bá wá mú un dé ọjà tiwa níhìn-ín, owó ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, owó bodè wà níbẹ̀, iye tí náírà jẹ́ sí pọ́n-ùn wà níbẹ̀. Gbogbo oníṣòwò ni ó ń ru ẹrù kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan fi díẹ̀ dín sí ẹnì kejì nítorí pé ó ra púpọ̀ tàbí pé èrè rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹnì kan ṣe máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí gbogbo wọn? Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwa mẹ́ta bi ara wa ní ọjọ́ náà nìyẹn, ojúkòkòrò kò jẹ́ kí a bi í.

Lẹ́yìn tí ojú ti wá tán, a gbé ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí a rí ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan ti fò nínú ọ̀rọ̀ kan lára bébà ẹ̀yìn ìgò. Nínú páálí kan náà, ọtí ìgò kan dé ọrùn, ti èkejì dé èjìká. Nọ́ńbà kékeré tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ sára ìgò, ọ̀kan náà ni lára ìgò kan àti èkejì, ṣùgbọ́n kò bá ti ara páálí mu. Ìdérí méjì ń yí lófo. Ìgò fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù, ìgò gidi ni. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìnáwó, àwọn kan á wá ra ìgò òfìfo, wọ́n á sì san owó gidi lórí ti wísíkì ju ti bíà lọ. Kí ni ẹ rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣe? Àwa náà ti ta ìgò òfìfo rí ní ọ́fíìsì yìí, a fi owó rẹ̀ ra bisikíìtì mítìnnì. A kò ní ṣe é mọ́.

Nọ́ńbà NAFDAC náà, ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé yín, nítorí ẹni tí ó lè tẹ bébà ayédèrú lè tẹ nọ́ńbà sí i.

Owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí á máa fọ́ wọn, ojú wọn kò ní ríran kedere mọ́, wọ́n á dákú, kí ọjọ́ kejì tó pé ẹlòmíràn ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n rí, nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Methanol jọ ọtí lójú, ó jọ ọ́ lẹ́nu, ara ni ó ń sọ ọ́ di oró tí ń ba ojú jẹ́. Ẹni tí ó bá ń po ayédèrú kò bìkítà ohun tí ó rọ sínú ìgò.

A ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ní àwọn fi ń dán ọtí wò: kí a ṣáná sí i kí a wo àwọ̀ iná, kí a gbọn ìgò kí a wo ìfóófòó, kí a fi pa ọwọ́ kí a gbóòórùn rẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè fi methanol hàn yín nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí tí orí ń fọ́ ọ púpọ̀, tí ó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ó lè tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó hàn, nítorí náà ẹ má sọ pé ṣebí àná ni ó mu ún. Ẹ má fi epo pupa àti omi àgbọn fi àkókò ṣòfò. Ẹ sọ fún dókítà pé ọtí ni ó mu, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Àbá tí ìgbìmọ̀ ń gbé wá síwájú yín kò pọ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ilé iṣẹ́ tí ń kó ọtí wọlé mọ̀ ọ́n, nìkan ni ẹgbẹ́ yóò ti máa rà. Rìsíìtì gidi ni a ó máa gbà, tí ó ní nọ́ńbà páálí nínú, tí ó sì sọ pé a lè dá ọjà padà. A ó ṣí páálí kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tí ó tà á, kí a tó san owó. Ibi tí owó yóò ti dín ni pé a ó kó gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ pọ̀ rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní páálí. A ti bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò méjì, àwọn méjèèjì ni ó gbà láti dín in fún ẹni tí ó bá ra ogún páálí lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọn yóò dín kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. A kò tilẹ̀ fẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀. Àmọ́ a fẹ́ rán yín létí pé nígbà tí àwọn ará Rochdale ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ní ìlú Ọba ní 1844, ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà tí a kò po nǹkan mọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń wá, nítorí àwọn oníṣòwò ìgbà náà ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun. Bí ẹgbẹ́ bá jáwọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní jáwọ́. Kálukú yóò máa lọ bá irú oníṣòwò tí a bá yẹn ní òun nìkan.

Ìbò yóò wáyé ní mítìnnì oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn kíka ìwé owó. Bí ó bá wọlé, ìwé tí a ó máa kọ orúkọ sí yóò wà lórí tábìlì wa láti ọjọ́ kejì, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ mú ìdajì owó àti ìwé ìfowópamọ́ yín dání, kí ẹ sì sọ iye ìgò tí ẹ fẹ́ àti irú èyí tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá ní ìgò òfìfo nílé, kí ó fi omi bọ bébà ara rẹ̀, kí ó fọ́ ìdérí, kí ó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá ṣẹlẹ̀ sí ti wá bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun yóò bá wa dé ọjà fúnra òun, òun yóò sì mú bàbá àna òun dání.